Ìwé Sọ Pé Ara Bàbá Dá

Bí ẹ bá fẹ́ tú ilé kan ká, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ kàn bi wọ́n ní ìbéèrè kan, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí wọn, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Nọ́ọ̀sì tó bi ilé Ṣúmẹ́kà ní ìbéèrè tirẹ̀, mi ò rò pé ó tún rántí rẹ̀ mọ́ títí tó fi jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Ó wo ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó mi orí, ó ní, "Àmì àkóràn ti ga jù nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá yìí. A ò lè fún wọn ní oògùn jẹjẹrẹ lónìí. Ṣé ilé yín mọ́ ṣá?"

Ṣé ilé yín mọ́! Ilé alágbàfọ̀! Ilé tí wọ́n ti ń lo ọṣẹ ju iyọ̀ lọ!

Iṣẹ́ ìyàwó Ṣúmẹ́kà nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Ọkọ ń ran bàtà níwájú ilé, ìyàwó ń fọ aṣọ oníaṣọ lẹ́yìn ilé. Nígbà kan, bí ẹ bá dé ẹ̀yìnkùlé yẹn ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, ọwọ́ lẹ máa fi ya aṣọ sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó rí èèyàn. Okùn mẹ́rin ni wọ́n ta níbẹ̀. Aṣọ ibùsùn funfun, ṣẹ́ẹ̀tì akọ̀wé, ìró àwọn ìyá, gbogbo rẹ̀ á máa fẹ́ lẹ́lẹ́, òórùn ọṣẹ àti búlúù á gba àdúgbò kan. Ṣúmẹ́kà á wá gbé ohùn sókè láti ìdí òòlù rẹ̀.

"Alágbàfọ̀ mi! Ṣé o wà níbẹ̀, àbí aṣọ ti gbé ọ mì?"

"Ó ti gbé mi mì. Ó ku ẹ̀yin."

Àwọn tó ń kọjá lọ á bú sẹ́rìn-ín. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́, ojoojúmọ́ náà ni wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé wọn ò gbọ́ ọ rí. Ayé dùn nígbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kì í ṣe pé owó wà. Ẹ̀rín ló wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, Ìyá Alágbàfọ̀ jí, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì rí nǹkan kan ṣe. Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣófo. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá ilẹ̀ tó ti gbá ní alẹ́ àná. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí kò fọwọ́ kan aṣọ ẹnikẹ́ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ló sì ti ń sùn nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, láàárín báàfù àti áyọ́ọ̀nù tó ti tutù.

Akọ̀wé ló pa á láṣẹ. Akọ̀wé ni àkọ́bí wọn. Ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tí wọn ò bá kọ síbẹ̀, lójú tirẹ̀, wọn ò tíì bí i. Ohun tó bá wà nínú ìwé ló wà. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dá bàbá rẹ̀ padà ní ọsibítù, ìwé sọ pé àmì àkóràn jẹ́ àádọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kọjá mẹ́wàá. Nígbà kejì, ó di ọgọ́fà. Akọ̀wé jókòó, ó rò ó láti òkè délẹ̀. Ta ló ń kó ìdọ̀tí wọlé? Ta ni aṣọ aláìsàn, aṣọ onígbẹ́ ọ̀rìn, aṣọ ọmọ ìkókó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá?

"Màmá, kì í ṣe pé mò ń bú yín o. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì bi wá, kò ṣàdédé bi í."

Bí wọ́n ṣe dá aṣọ oníaṣọ padà nìyẹn, ìdì kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n ya àwo ìyá sọ́tọ̀, wọ́n ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Wọ́n ní kó má fọwọ́ kan bàbá mọ́, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa kí i. Aránṣọ tó wà ní ilé kejì rí ìdì aṣọ tó ń jáde, ó béèrè, wọ́n sọ fún un. Ẹnu Aránṣọ sì yára ju máṣíìnì rẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé aṣọ tí ìyá yẹn ń fọ̀ ló kó àrùn wọ ara ọkọ rẹ̀. Àwọn kan ò tilẹ̀ jẹ́ kó fọwọ́ kan ọmọ wọn mọ́.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́. Ó máa ń jókòó sórí báàfù tó dojú dé, á máa wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ti fọ̀ títí tí ìlà inú rẹ̀ fi parẹ́.

Ó ń gbá ilẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Akọ̀wé dé, ìwé lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Láàárọ̀ àná ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ bàbá, òun ló sì yà gba èsì rẹ̀ kó tó wá.

"Mẹ́jọ!" ló pariwo. "Màmá, mẹ́jọ ni! Àmì àkóràn ti wálẹ̀! Wọ́n á fún wọn ní oògùn lónìí!"

Ìyá ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Dókítà ti sọ fún wọn nígbà tó kọjá pé kókó jẹjẹrẹ inú ìfun bàbá kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá tún dá wọn padà lẹ́ẹ̀kẹta, ó lè jẹ́ pé oògùn ò ní bá a mọ́.

"Ṣé ẹ rí i báyìí?" ni Akọ̀wé sọ, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ń gún ìyá lọ́kàn. "Láti ìgbà tí ẹ ti gbé ọwọ́ kúrò nínú aṣọ yẹn ni. Mo sọ fún yín!"

Aránṣọ yọ orí láti orí ògiri. "Ẹ kú oríire o, Màmá! Ẹ kú ìfaradà! Ẹ ò rí i pé ó sàn bẹ́ẹ̀?"

"Ó sàn," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun ló tu jáde.

Ó wọ ilé ìdáná. Ó bu ìrẹsì rírọ̀ àti ẹyin sísè sínú àwo bàbá. Nígbà tí ara ṣì le, Ṣúmẹ́kà kì í jẹ ìrẹsì rírọ̀. Èyí tó bá jóná mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò ló ń fẹ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ á máa jìjàdù rẹ̀ bí ọmọdé, á ní, "Èmi ni mo fẹ́ ọ, èmi ni mo ni ìkòkò," ìyàwó á ní, "Ẹ fẹ́ mi, ẹ ò fẹ́ ṣíbí mi." Akọ̀wé gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e wọlé. Ó tún gbé e jáde láìpẹ́. Ṣíbí méjì péré ni bàbá jẹ.

"Wọ́n ní àwọn ti yó," ni Akọ̀wé wí. "Ayọ̀ ni. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn, kì í rántí oúnjẹ."

Awakọ̀ dé ní agogo mẹ́wàá. Àbúrò Akọ̀wé ni, ọkọ̀ akérò ló ń wà, ó sì pa iṣẹ́ tì láti gbé bàbá rẹ̀. Bó ṣe wọlé ló ń dápàárá. "Ṣúmẹ́kà! Ẹ jáde o! Ọkọ̀ ti kún, ó ku ẹnì kan!"

Bàbá jókòó létí ibùsùn, ó wọ aṣọ òtútù méjì lé ara wọn, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn bí ẹni pé wọ́n sanwó fún un. Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà níbi tí wọ́n fàyè gbà á dé.

"Ẹ kú ìmúra," ló wí.

Bàbá ò wo ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ mélòó kan ni kì í ti í wo ojú rẹ̀ mọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà, ọ̀kan, èkejì, ó sì gbé ọwọ́ lé orúnkún bí ẹni tó ti ṣe tán. Ìyá wo ẹsẹ̀ náà. Ó tún un wò. Ti ọ̀tún wà ní òsì, ti òsì wà ní ọ̀tún.

Ó wọlé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Akọ̀wé kọjá, ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó gbé e lé àyà rẹ̀, ó gbóná. Àyà náà ń lọ sókè sódò bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré.

"Màmá! Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n!"

"Ara bàbá yín ò dá."

"Màmá, mẹ́jọ ni! Ìwé nìyí!"

"Wọ́n wọ bàtà òdì."

"Wọn ò wo ilẹ̀ ni! Ta ni kì í wọ bàtà òdì?"

"Bàbá yín."

Akọ̀wé mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ibà, ó fi sí abíyá bàbá rẹ̀, ó dúró, ó yọ ọ́. "Ẹ wò ó. Kò tó ibà. Ó ku díẹ̀ kó tó iye tí wọ́n ní ká máa sá fún. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tún dá wa padà ni? Ṣé ẹ fẹ́ kí kókó yẹn pa wọ́n?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra," ni Awakọ̀ wí.

"Mo rọra lọ síbo? Ẹni tó kó àrùn wálé ló tún fẹ́ dí oògùn lọ́wọ́!"

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹyin lohùn. Ìyá dìde. Awakọ̀ wolẹ̀. Ṣúmẹ́kà fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó wúwo. "Ẹ jẹ́ ká lọ gba oògùn náà. Kò sí nǹkan tó ṣe mí. Òtútù ló ń mú mi díẹ̀."

Nínú ọkọ̀, Akọ̀wé mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, Màmá, bí a bá débẹ̀, ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ wo ẹ̀mí tó wà níbẹ̀."

Ìyá ń wò ó. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á dá wọn padà, kókó á máa dàgbà nìṣó, òun ló sì máa fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé ilé òun ò mọ́. Bó bá dákẹ́, àlàáfíà á wà láàárín òun àti ọmọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ́ ìgbóná àyà yẹn.

Yàrá tí wọ́n ti ń fa oògùn jẹjẹrẹ gùn tààrà. Àga mẹ́jọ ni, aláìsàn lórí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, àpò oògùn kọ́ sórí irin lókè orí wọn. Nọ́ọ̀sì kan náà ló pàdé wọn. Ó gba ìwé, ojú rẹ̀ tàn.

"Mẹ́jọ! Bàbá, ẹ kú oríire! Ẹ ti tún ilé ṣe nìyẹn." Ó fi Ṣúmẹ́kà jókòó, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gbé àpò oògùn wá, ó fi òwú tútù nu iṣan apá rẹ̀.

"Ẹ dúró," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí.

"Màmá!" ni Akọ̀wé sọ láàárín eyín.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi sí i. Ara wọn ò dá."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín burúkú. "Màmá, ìwé sọ pé ó dá."

"Ìwé kọ́ ni ìyàwó wọn. Èmi ni."

Àwọn tó wà lórí àga bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tí irun orí rẹ̀ ti tán pátápátá ní, "Ẹ gbọ́ o, ẹ gbọ́ tìyàwó!" Ojú ti Akọ̀wé dé gbòǹgbò. Ariwo yìí ló gbé dókítà jáde láti yàrá kejì, obìnrin kan tó ti ń hewú, tó fi okùn so awò ojú kọ́rùn.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ẹnu mẹ́ta ló fèsì pa pọ̀. Dókítà gbé ọwọ́ sókè, ó kọjú sí ìyá. "Kí lẹ rí, Màmá?"

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn tó bi í ní ohun tó rí.

"Wọ́n wọ bàtà òdì," ló wí, ẹ̀rín sì tún sọ nínú yàrá náà. Kò dúró. "Ṣúmẹ́kà ni wọ́n. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ran bàtà. Ẹ jí wọn lójú oorun, ẹ pa iná, wọ́n á mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ọwọ́ wọn tutù, àyà wọn gbóná, wọ́n ń mí bí ẹni tó gun òkè."

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹsẹ̀ Ṣúmẹ́kà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo aago. "Bàbá, ọjọ́ wo la wà lónìí?"

Ṣúmẹ́kà wo ojú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. "Ọjọ́ tí aṣọ máa gbẹ dáadáa," ló wí.

Ẹ̀rín tán nínú yàrá náà.

"Ẹ gbé àpò oògùn yẹn kúrò," ni dókítà sọ fún nọ́ọ̀sì. "Ẹ wá ibùsùn fún wọn. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ ká gbìn ín wò bóyá kòkòrò máa hù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dúró de èsì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn àkóràn lójú ẹsẹ̀."

"Ṣùgbọ́n mẹ́jọ ni!" Akọ̀wé na ìwé náà sí i bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ baba rẹ̀. "Dókítà, mẹ́jọ!"

"Mo rí i. Ẹ̀jẹ̀ àná nìyẹn. Hóró oògùn funfun kékeré tí a ní kí wọ́n máa lò láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nítorí èébì ńkọ́, ṣé wọ́n ń lò ó?"

"Wọ́n ń lò ó. Èmi ni mò ń fún wọn."

"Ó máa ń tẹ àmì yẹn mọ́lẹ̀, bí àkóràn bá tilẹ̀ wà lára. Kì í sì í jẹ́ kí ibà yọjú dáadáa."

Akọ̀wé tún wo ìwé náà. "Ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Àádọ́rùn-ún? Ọgọ́fà?"

Dókítà yẹ ìwé inú fáìlì wò. "Ẹ̀ẹ̀mejèèjì tí a gbin ẹ̀jẹ̀ wọn nígbà yẹn, kòkòrò kankan ò hù. Jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ lè gbé àmì yẹn ga bẹ́ẹ̀, láìsí àkóràn kankan. Nínú ẹni tó ní jẹjẹrẹ, àmì yẹn ò ṣeé dá gbára lé, bó ga ni o, bó wálẹ̀ ni o. Mi ò lè búra, ṣùgbọ́n ó jọ pé kò sí àkóràn nígbà yẹn rárá."

"Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa."

"Ó yẹ kí a sọ fún yín," ni dókítà wí. Nọ́ọ̀sì ń wo òwú ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá Alágbàfọ̀ sún mọ́ wọn. "Dókítà, aṣọ tí mò ń fọ̀ wá ńkọ́?"

"Aṣọ wo?"

"Aṣọ oníaṣọ. Tó kó o ràn wọ́n."

Dókítà wo ìyá, ó wo ọmọ. "Kí ló kan aṣọ fífọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Awakọ̀ jáde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ọkọ̀.

Nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀, Ṣúmẹ́kà wà lórí ibùsùn, oògùn àkóràn ń kán sínú iṣan rẹ̀. Dókítà padà wá, ó ní àkóràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń bá àrùn jà tán. Ká ní wọ́n ti fi oògùn jẹjẹrẹ lé e lọ́jọ́ náà ni, ì bá ti pa á. Ó ní ewu ò tíì kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n tètè mú un, ara rẹ̀ sì ti ń gba oògùn. Bó bá yè é, wọ́n á padà sórí ti jẹjẹrẹ. Ó bọ ìyá lọ́wọ́ kó tó máa lọ.

Akọ̀wé dúró nísàlẹ̀ ibùsùn. Ìyá rẹ̀ ò wò ó. Ó fa àga mọ́ ibùsùn, ó gbé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lé itan ara rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ra ibi tí abẹ́rẹ́ awọ ti sọ di líle láti ọdún gbọọrọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Kò mọ̀ pé ebi ọwọ́ yẹn pa òun tó bẹ́ẹ̀.

Ṣúmẹ́kà la ojú. Ojú náà mọ́ ju ti àárọ̀ lọ.

"Alágbàfọ̀ mi."

"Mo wà níbí."

"O wá. Wọ́n sọ fún mi pé ìwọ lo ní o fẹ́ máa sùn níta. Pé ẹ̀rù àìsàn mi ń bà ọ́."

Ìyá gbójú sókè. Ó wo Akọ̀wé. Ojú Akọ̀wé ti di eérú. Ó ti rò ó nígbà yẹn pé ó sàn kí bàbá gbọ́ bẹ́ẹ̀ ju kó gbọ́ pé ọmọ ló lé ìyàwó rẹ̀ kúrò lórí ibùsùn rẹ̀. Ìyá wò ó pẹ́, pẹ́ títí.

"Mi ò bínú o," ni bàbá wí. "Èmi gan-an, ó ń bà mí lẹ́rù."

"Òótọ́ ni," ni Ìyá Alágbàfọ̀ sọ. "Ẹ̀rù bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Akọ̀wé sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ọsibítù kì í dí ohùn.

"Ta ló ń sunkún yẹn?" ni Ṣúmẹ́kà béèrè.

"Ọmọ yín ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó fa aṣọ bò ó dé àyà. "Inú rẹ̀ dùn pé ẹ jí."